Ìdí Tí Ọṣẹ Dúdú Fi Ń Fọ Aṣọ Funfun

Nígbà láéláé, kí àwọn ohun tó wà ní ilé ìdáná tó panu mọ́, kò sí ohun tó ń jẹ́ ọṣẹ láyé. Iyanrìn ni àwọn èèyàn fi ń ha ara, omi lásán ni wọ́n sì fi ń fọ aṣọ. Bí epo bá ta sí aṣọ rẹ, aṣọ náà di aṣọ oko nìyẹn.

Ìyàwó tuntun kan wà tó ń jẹ́ Àyọ̀ká. Ẹ kúkú mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Orúkọ àpọ́nlé ló máa sọ ọ́. Àyọ̀ká tiẹ̀ ṣe tirẹ̀ dé ilé ìdáná. Ó sọ Omi inú àmù ní Atutù. Ó sọ Àdín, òróró tí wọ́n ń yọ lára ekùrọ́, ní Amáradán. Eérú ìdí àárò, tí gbogbo ilé ń pè ní ìdọ̀tí, ló sọ ní Arẹwà, a sì máa kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. "Arẹwà kẹ̀! Ṣé èyí tí mò ń gbá dà sí ààtàn láràárọ̀ yìí?"

Lọ́jọ́ kan, Àyọ̀ká gbé àdín kaná, ó sì jáde lọ ká aṣọ àlà ìyá ọkọ rẹ̀ tí wọ́n sá sóòrùn. Bàbá ọkọ tó ti dolóògbé ló fọwọ́ ara rẹ̀ hun aṣọ náà, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́. Lọ́la ni ìyá máa wọ̀ ọ́ síbi ọdún ìdílé. Àyọ̀ká gbé e lé èjìká, ló bá gbọ́ tí ìkòkò ń hó dànù. Ó sáré wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti sọ ìkòkò kalẹ̀, etí aṣọ sì wọ inú àdín.

"Wọn ò ní lù mí," ó ń dá sọ̀rọ̀. "Wọn á kàn wò mí ni. Ìwò yẹn ni mi ò lè gbà."

Ó kúnlẹ̀ níwájú àmù. "Atutù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé Amáradán kúrò lára aṣọ yìí."

"Èmi?" ni Omi wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, orí mi ló ń gùn. Mi ò lè gbé e."

"Ìwọ lo ń tì mí sókè," ni Àdín dá a lóhùn láti ara aṣọ. "Ìyàwó, ó wù mí kí n kúrò, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé mi?"

Àyọ̀ká bú sẹ́kún. Ìgbà náà ni ohùn wẹ́lẹ́ kan jáde nídìí àárò.

"Ìyàwó, má sunkún mọ́. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọjọ́ gbogbo ni wọ́n ń dà mí nù nílé yìí, ìwọ nìkan lo kúnlẹ̀ kí mi. Ìwọ ni n óò tọ̀ lónìí. N óò parí ìjà àwọn méjèèjì yìí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì di ohun kan ṣoṣo. Kí wọ́n ṣáà má fi àwọ̀ mi pamọ́. Kí gbogbo ayé rí i pé mo wà níbẹ̀."

Omi rò ó. "Ó dáa. Àmọ́ nígbàkígbà tí mo bá ṣiṣẹ́, n óò mú díẹ̀ lọ níbẹ̀. Èmi kì í ṣiṣẹ́ lásán."

"Kí ara ẹni tó bá lò wá ṣáà máa dán," ni Àdín wí, "kí orúkọ tí ìyàwó sọ mí má baà di irọ́."

Eérú kọ́ Àyọ̀ká bí yóò ṣe pò wọ́n pọ̀, ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó kó Eérú sínú àjẹrẹ, ìkòkò oníhò, ó sì da Omi lé e. Omi tó ń kán jáde nísàlẹ̀ ti di omi mìíràn, ó ń ta lọ́wọ́. Ó pò ó mọ́ àdín, ó gbé e kaná, ó ń rò ó títí ó fi dì. Ohun tó jáde dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ̀rù tún bà á. Ṣé ohun dúdú yìí ni kí òun fi kan aṣọ funfun? Ó kọ́kọ́ dán an wò lára ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń yọ̀, ó ń hó, ìfófó rẹ̀ sì funfun. Ọwọ́ tó ti dọ̀tí láti àárọ̀ mọ́ bí ọwọ́ ìkókó. Ló bá mú aṣọ, ó fi ohun dúdú náà pa á.

Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ bá a, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tó fẹ́ fi gbá eérú. "Ìyàwó, ṣé aṣọ mi ni mò ń wò yẹn?"

"Aṣọ yín ni, ìyá mi. Mo ti ba nǹkan jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàn án ná."

Àyọ̀ká da Omi lé aṣọ náà. Omi dúdú ń dà lọ, Àdín sì bá a lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí Àyọ̀ká fẹ aṣọ náà sókè, ó funfun ju bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí omi inú àmù, ẹ̀rín sì ń pa á bí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ìjọ̀ngbọ̀n.

"Ta ló kọ́ ọ?" ni ìyá béèrè.

Àyọ̀ká nawọ́ sí ìdí àárò. Ìyá wo ibẹ̀ pẹ́. Ó gbé aṣọ tí ọkọ rẹ̀ hun mọ́ àyà, ó rọra fi ìgbálẹ̀ ti ara ògiri, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Arẹwà," ó wí.

Láti ọjọ́ náà ni ọṣẹ ti dúdú, tó sì ń sọ aṣọ di funfun, tí àwọn tó ń se é kì í sì í da eérú nù. Bí o bá sì rí i tó ń kéré lọ́wọ́ rẹ, má bínú. Omi ló ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.