Ilẹ̀ Àpáàdì tí Àwẹ̀ró Tẹ́ sí Ìlámọ̀

Láyé ọjọ́un, bí òjò bá ti ṣú ní Ìlámọ̀, àyà gbogbo ìlú a já, nítorí òjò ló ń mú Jagun Arógundádé wá. Orí amọ̀ ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, amọ̀kòkò ni gbogbo wọn. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á mu ènìyàn dé orúnkún, kò síbi à ń sá sí. Arógundádé á ní kí tọmọdé tàgbà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, á sì ṣa ẹni tó wù ú lọ ṣẹrú. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ó nàka sí Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí. Àwẹ̀ró kọ̀, kò kúnlẹ̀, kò jọ̀wọ́ ọmọ. Arógundádé rẹ́rìn-ín, ó ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́ gbogbo ìkòkò ìlú, láti orí àmù dé orí ìṣaasùn. Ó ní, “Òjò tó ń bọ̀, lórí ìkúnlẹ̀ ni wàá ti fọwọ́ ara rẹ fà á lé mi lọ́wọ́.”

Ha, Àwẹ̀ró! Adúmáadán bí ìdí ìṣaasùn, alápá bí alágbẹ̀dẹ, obìnrin tí ń bínú tí iṣẹ́ ń yá! Kò sunkún. Ó ní kí ará ìlú kó àpáàdì jọ.

Baálẹ̀ Ajíbóyè ní, “Ìyá Ìbídùn, ṣé àpáàdì la fẹ́ sè jẹ ni?”

“Baba, bẹ́ ẹ bá léyín ẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ́. Èmi fẹ́ dúró lé e ni.”

Baba tí eyín ẹnu rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ náà bú sẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró kọ́kọ́ tẹ́ àpáàdì ní pẹlẹbẹ. Bí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó rún wómúwómú. Inú bí i. Ó gbé ọ̀kan nàró, etí rẹ̀ sókè, ó rì í mọ́ amọ̀ tútù, ó fi òmíràn tì í, ó gun orí wọn. Wọn ò mì.

“Ẹ wá wò ó! Èyí tó dùbúlẹ̀ lẹsẹ̀ ń fọ́. Ẹ gbé gbogbo wọn dìde!”

Bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyẹn: ìlà kan tẹ̀ sọ́tùn-ún, ìkejì tẹ̀ sósì, bí eegun ẹja, òkúta wẹ́wẹ́ funfun láàárín, wọ́n ń fi olugbóńgbó gún un wọlẹ̀. Ó rẹwà débi pé àwọn tó tẹ́ ẹ pàápàá ń rìn lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Òjò dé, Arógundádé dé. Ẹrẹ̀ ẹ̀yìn ìlú gbé òun àtàwọn ènìyàn rẹ̀ mì dé orúnkún. Àwọn ará Ìlámọ̀ dúró wámúwámú lórí àpáàdì, olugbóńgbó lọ́wọ́.

“Ẹ kúnlẹ̀!”

“Kúnlẹ̀ kẹ̀?” Àwẹ̀ró dáhùn. “Etí àpáàdì yìí mú, orúnkún wa kì í ṣe irin. Ìwọ lo fọ́ ọ, òun la fi tẹ́lẹ̀. Wò ó, Arógundádé, ta ló wà lórí ìkúnlẹ̀ báyìí, èmi àbí ìwọ? Bó o bá fẹ́ ọmọ mi, fa ẹsẹ̀ rẹ yọ, kó o wá mú un!”

Ó fa tọ̀tún, tòsì rì. Ó ṣubú, ó dojú bolẹ̀. Olugbóńgbó ló bá wọn sọ ìyókù ọ̀rọ̀. Bàtà Jagun kù sínú ẹrẹ̀, kò padà wá mú un láéláé.

Títí dòní, ẹnìkan kì í kúnlẹ̀, ẹnìkan kì í dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ àpáàdì ní Ìlámọ̀. Òòró ni ìyàwó tuntun fi ń kí ìyá ọkọ, òòró ni ìjòyè fi ń kí baálẹ̀. Bí àlejò bá gbàgbé, tó fẹ́ forúnkún kanlẹ̀, àgbà tó bá wà nítòsí á dì í lápá mú: “Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ Àwẹ̀ró lo wà.”