Ọwọ́ Méjì, Ìgbakọ Kan

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Aláǹtakùn, olùkọ́ àwọn ẹranko.

Aláǹtakùn ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ìjímèrè jọ kan rọ́bọ́ọ̀tì tí yóò máa bu ọkà, kí oníkálùkù ṣe ọwọ́ kan, kó sì kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́kọ́ parí, ó sọ ọwọ́ tirẹ̀ ní Táyé. Ìjímèrè sọ tirẹ̀ ní Kẹ́hìndé. Àmọ́ Kẹ́hìndé ni olùkọ́ yìn. Ẹ̀yin ọmọ, owú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ọ̀kẹ́rẹ́!

Olùkọ́ bi wọ́n pé, “Ìgbakọ kan ló wà. Báwo lọwọ́ méjèèjì yóò ṣe lò ó?”

Ọ̀kẹ́rẹ́ yára dáhùn: “Kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ mú un!”

Ìjímèrè rẹ́rìn-ín sínú, ó gbà.

Ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bá kọ́ Táyé pé, “Ìwọ lo kọ́kọ́ dé, ìwọ lẹ̀gbọ́n.” Ìjímèrè kọ́ Kẹ́hìndé pé, “Ìwọ lo rán Táyé wá sáyé, ìwọ lẹ̀gbọ́n.”

Wọ́n tan rọ́bọ́ọ̀tì. Ọwọ́ méjèèjì di ìgbakọ mú pinpin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ni yóò mú un?
Ẹ̀gbọ́n ni!
Ta wá lẹ̀gbọ́n?
Èmi ni!

Ìgbà kìíní, ọkà jóná. Ìgbà kejì, ìkòkò dojú dé. Ìgbà kẹta, ìgbakọ là sí méjì, rọ́bọ́ọ̀tì fa ara rẹ̀ ya.

Aláǹtakùn ní, “Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi ń hun okùn kan. Èyí tó bá lò ó tán á fi sílẹ̀ fún òmíràn. Ta lẹ̀gbọ́n nínú wọn?”

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń fi ọwọ́ méjèèjì di ẹyọ èkùrọ́ kan mú. Kò fọkàn tán ọwọ́ kankan mọ́.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí. Ẹ̀yin ọmọ méjì tí ẹ ń fa ẹní mi mọ́ ara yín lọ́wọ́ yìí, ta lẹ̀gbọ́n?