Ife Omi Kọmíṣọ́nnà

Kọmíṣọ́nnà Adégbìtẹ́ kó katapílà mẹ́ta wá sí Etí-Àbàtà pé òun fẹ́ fi yẹ̀pẹ̀ dí àbàtà ìlú náà, kí àwọn olówó lè kọ́lé sí i. Tísà Morádékẹ́, ìyá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, torí àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà àtijọ́ ti sọ pé òfìfo inú nǹkan ló ń jẹ́ kó wúlò. Kọmíṣọ́nnà rẹ́rìn-ín níwájú àwọn oníròyìn. Ó ní, “Màmá, ẹ fún mi lómi àlejò. Bí mo bá mu ún tán tí ẹ ò tíì fi ìwúlò ilẹ̀ òfìfo hàn mí, katapílà á wọlé.” Tísà ní ó dáa. Ó rọ amọ̀ kún ife kan dé ẹnu, ó gbé e lé tábìlì níwájú ọ̀gá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí i. Omi ṣàn bo tábìlì, ó ṣàn sórí agbádá. Ọ̀gá fò dìde, ó ké pé, “Màmá, ẹ ti fi amọ̀ dí ife pa, níbo lẹ fẹ́ kí omi wọ̀?” Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbogbo oníròyìn ló gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Tísà ní, “Ọ̀gá, ohun tí àwa náà fẹ́ bi yín nìyẹn.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, torí ìlú kejì ti dí àbàtà tiwọn lọ́dún tó kọjá, òjò kan ṣoṣo sì gbé èèyàn mẹ́rin lọ níbẹ̀. Katapílà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí padà. Àdéhùn ni àdéhùn: títí dòní, Kọmíṣọ́nnà kò tíì mu omi rẹ̀ tán.