Ẹni Tó Sàmì Sára Tábà Àgbọ̀nrín

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ ẹ̀pà lẹ́yìn yẹn, ẹ jẹ́ kí ẹnu sinmi. Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó balẹ̀ gbì sínú oko tábà Àgbọ̀nrín. Ìjàpá ló bá níbẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu.

Àgbọ̀nrín ló ń gbin tábà létí odò. Ìgbín, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń gbé lábẹ́ igi kan láàárín oko náà. Lọ́jọ́ kan, Àgbọ̀nrín rí àmì pupa rúsúrúsú lára ewé, òrùka nínú òrùka. Ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó figbe ta.

Ìjàpá dé. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tó fẹ́ràn aáṣà ju ìyàwó rẹ̀ lọ, tí kò sì gbin tábà rí. Ó wo ewé, ó mi orí.

"Ìyá Àgbọ̀nrín, itọ́ Ìgbín ni. Ṣé ẹ ò rí i bó ṣe ń fà kọjá lórí ewé láràárọ̀ ni?"

"Ìgbín? Ìgbín tí a jọ ń gbé?"

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ lé e lọ. Ewé tó bá sì lámì, ẹ kó o fún mi, n ó bá yín sin ín sọ́nà jíjìn. Ọ̀fẹ́ ni."

Ọ̀fẹ́! Ẹ̀yin ọmọ, bí Ìjàpá bá ti ní ọ̀fẹ́, ẹ di ìkòkò ọbẹ̀ yín mú.

Ìjàpá pọn ẹrù ewé sẹ́yìn, ó gba àárín oko kọjá, ẹrù ń fara kan ewé tó mọ́ lọ́tùn-ún lósì. Kò sin nǹkan kan. Ó sá a sórí òrùlé rẹ̀, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń fà á símú. Láràárọ̀ ló ń padà wá kó òmíràn, láràárọ̀ ni àmì ń dé ibi tí kò dé lánàá. Orin ló sì ń kọ lọ. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló sàmì séwé?
*Tábà, ewé tábà.*
Ìgbín onítọ́ ni.
*Tábà, ewé tábà.*
Ẹ lé e, kó máa lọ.
*Tábà, ewé tábà.*

Àgbọ̀nrín gbà á gbọ́. Ó ní kí Ìgbín kó jáde. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ti dé tán. Ìgbín tí a bá lé kúrò ní ibòji lẹ́ẹ̀rùn, ikú ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ìgbín ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú ìkòkò tuntun méjì. Ẹ fi òwú tútù àti ewé tó mọ́ sínú wọn. Kí n fà kọjá lórí ọ̀kan, kí ẹni tí a ò fura sí rìn lórí èkejì, kí ẹ dé wọn. Bí tèmi bá lámì, n ó fẹsẹ̀ ara mi lọ."

Ta ló ní ẹsẹ̀ wo yẹn? Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ìjàpá lu àyà. "Ta la ò fura sí bí èmi?"

Ó gun orí ewé, ó tilẹ̀ jó lórí rẹ̀. Nǹkan bí eruku ń jábọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, wọ́n ṣí ìkòkò. Ewé Ìgbín tutù yọ̀yọ̀, itọ́ rẹ̀ ń dán lórí rẹ̀, kò sí àmì kankan. Ti Ìjàpá? Òrùka nínú òrùka, ó sì ti bu, èéhù dúdú hù lórí rẹ̀. Àgbọ̀nrín ha èéhù náà, ó fi kan ewé mìíràn tó mọ́, ó dé e. Ìyẹn náà gba àmì.

"Èéhù yìí ni ọ̀tá wa," Àgbọ̀nrín wí. "Kì í ṣe itọ́ ẹnikẹ́ni. Ìjàpá, yí ẹ̀yìn rẹ wá."

Ìjàpá ní ẹ̀yìn ń dun òun. Wọ́n yí i. Èéhù ni láti ọrùn dé ìdí. Wọ́n tẹ̀ lé e délé, wọ́n bá tábà lórí òrùlé. Ó ní òun ṣì ń wá ibi tí òun máa sin ín sí ni.

Ojú ti Àgbọ̀nrín. Ó kúnlẹ̀ bẹ Ìgbín, Ìgbín sì padà sábẹ́ igi rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Àgbọ̀nrín fún omi èso bùjé tí a fi ń kun ara, ó fi ya òrùka nínú òrùka sẹ́yìn Ìjàpá.

"Kí ẹni tó bá rí ọ ṣọ́ oko rẹ̀. Ọjọ́ tí o bá dáná sun tábà yẹn, n kò ní kùn ọ́ mọ́."

Gbogbo wa la mọ̀ pé bùjé kì í pẹ́ lára. Bó bá ti ń ṣí, Àgbọ̀nrín á bi í pé, "O ti sun ún?" Ìjàpá á ní, "Ẹ jẹ́ kí n fa èyí tó wà lọ́wọ́ mi tán ná." Wọ́n á tún kùn ún.

Bí ẹ bá rí Ìjàpá lọ́la, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Kò tíì sun ún.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí aáṣà Ìjàpá wọ̀ mí nímú, kí n sín lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́.

N ò sín.