Ìpín Erinmi Odò Ọlọ́mọyọyọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin tí ẹ pa iṣẹ́ tì kí etí yín lè jẹun lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá ní omijé kí ó fi pamọ́ ná, iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Ọ̀rọ̀ àràmàǹdà ni mo fẹ́ sọ, iwin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ kì í ṣe ti iwin, ti ọmọ aráyé ni.

Odò kan wà tí ń jẹ́ Ọlọ́mọyọyọ, odò abara-tútù, a-ṣàn-má-bèèrè-ààlà, tí í gba ìlú Òkè-Ìṣàn kọjá kí ó tó dé Ìsàlẹ̀-Ìṣàn. Ọmọ ìyá méjì ló tẹ ìlú méjèèjì dó, ṣùgbọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń jà lórí èwo nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n. Orí ti fọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, ìgbéyàwó sì ti tú ká. Nígbà tí ọ̀dá dá, tí àgbàdo gbẹ lórí ìdúró, ọba méjèèjì pàdé létí ibú tó wà ní ààlà, wọ́n pín odò náà lọ́gbọọgba. Òkè-Ìṣàn fi amọ̀ sé ìdajì sínú oko wọn, Ìsàlẹ̀-Ìṣàn sì ya ìdajì kejì sí tiwọn. Wọ́n pín in tán porogodo, wọ́n kí ara wọn kú ọgbọ́n, wọ́n lọ sílé.

Wọn kò rántí pé nínú ibú yẹn ni erinmi kan ṣoṣo tó kù nínú ìran rẹ̀ ń gbé, abo ni, oyún sì wà nínú rẹ̀. Ọdẹ́rìndé, ọdẹ Ìsàlẹ̀-Ìṣàn, ló kọ́kọ́ rí i tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sókè omi bí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Àánú ṣe é, nítorí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ náà lóyún, oṣù rẹ̀ sì ti pé. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sọ ọmọ lórúkọ ní ìlú wọn láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi omi Ọlọ́mọyọyọ wẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà gbé akèrègbè omi kọ́ èjìká, ó forí lé ibi tí odò ti ń sun, láti lọ bẹ Ìyá Ìsun tó ni omi náà.

Ó la Igbó Òǹgbẹ kọjá, níbi tí igi ti ń kérora tí ẹyẹ sì ń la ẹnu sílẹ̀ láìké. Iwin ọlọ́rùn-gígùn kan dínà mọ́ ọn, ó fẹ́ gbé e mì. Òǹgbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ọdẹ́rìndé, ó ṣí akèrègbè. Ṣùgbọ́n kí ó tó mu, ó ta díẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Iwin náà lá omi yẹn nílẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì yà fún un. Báyìí ló dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ìsun, arẹwà tí ẹja wẹẹrẹ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú irun rẹ̀.

Ìyá Ìsun wí pé, “Ọdẹ́rìndé, ẹsẹ̀ erinmi ní ń la ọ̀nà fún mi nínú ẹrẹ̀. Bí ó bá kú, n kò ní mọ ọ̀nà ilé yín mọ́. Ẹ yọ ìpín tirẹ̀ fún un kí oṣù tuntun tó lé.”

Ọdẹ́rìndé sáré padà, ó jíṣẹ́ fún ọba méjèèjì létí ibú. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ àṣà wọn fún yín: bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá pín nǹkan tán, tí wọ́n wá rántí ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni yóò bù fún un nínú tirẹ̀.

Ọba Òkè-Ìṣàn tẹrí ba, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ dàgbà. Ẹ bù ú.”

Ọba Ìsàlẹ̀-Ìṣàn ní, “Ká má rí i! Ṣé èmi àbúrò yín ni n óò ṣáájú yín bù ú? Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n, kábíyèsí, àwọn bàbá wa kò purọ́.”

Ẹ gbà mí o! Ipò tí wọ́n ti ń torí rẹ̀ fọ́ orí ara wọn ni wọ́n wá ń tì síra wọn bí ẹrù olè. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀, ó ké pé, “Ẹ̀yin bàbá mi, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́!” Wọ́n ṣì ń ti ipò náà síra wọn. Ó fa ọkọ́ yọ, ó sáré lọ wó amọ̀ tí wọ́n fi sé odò. Ẹ̀ṣọ́ ìlú méjèèjì ló jùmọ̀ mú un, wọ́n dè é mọ́ igi. Láti ìgbà tí wọ́n ti pín odò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan.

Ibi tí wọ́n dè é sí, ó ń wo erinmi náà. Ó rí i tó ń fi imú wá omi nínú ẹrẹ̀, ó rí i tó dákẹ́ tòun ti oyún inú rẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́ kọjá ohun tí ẹnu mi lè sọ. Nígbà tí oṣù lé, òjò rọ̀ lóòótọ́ níbi ìsun, ṣùgbọ́n Ọlọ́mọyọyọ dé òkè ìlú, kò rí ọ̀nà, ó yà sínú aginjù lọ, oko méjèèjì sì sán bíi gìgísẹ̀ arúgbó.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tú Ọdẹ́rìndé sílẹ̀ ni Àwẹ̀ró bí ọkùnrin. Ìyá àgbà tó gbẹ̀bí gbé àwo òfìfo dání, ó ní, “Omi odò dà?” Wọ́n fi àdí nu ọmọ náà. Ọdẹ́rìndé pọ̀n ọ́n, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n kúrò ní ìlú láti wá odò tí yóò fún ọmọ wọn lórúkọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ẹ bá ń pín nǹkan, ẹ kọ́kọ́ bù fún ẹni tí kò lẹ́nu láti bèèrè, ẹ má sì dúró de ẹ̀gbọ́n. Ọmọ yẹn ti ń rìn báyìí; “Ìwọ” ni wọ́n ṣì ń pè é.