Àmì Tí Lékèélékèé Gbàgbé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Lékèélékèé, tíṣà tí àwọn ẹranko fi jọba.

Odò gbẹ. Kábíyèsí fẹ́ kí wọ́n kó ọkọ́ wá gbẹ́ kànga. Ó sáré kọ̀wé láìfi àmì sí i: "Ki kaluku mu ọkọ wa."

Erin wọ́ ọkọ̀ ojú omi dé. Ẹkùn gbé ọ̀kọ̀ ogun. Adìẹ fa Àkùkọ, ọkọ rẹ̀, ní ogbe: "Kábíyèsí, òun rèé o!"

Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Tíṣà, kí lo kọ ránṣẹ́?
*Àmì dà? Àmì dà?*

Lékèélékèé rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú. Ìkánjú ọba ni mo fi kọ ọ́, n kò fi sùúrù tíṣà kọ ọ́." Ó mú ẹfun, ó fi àmì òkè sí i. Ọkọ́ dé, kànga jìn, omi sun.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá kí i ní "Kábíyèsí," á mi orí. Bí ọmọdé bá ké "Tíṣà!" á dìde.