Ehoro Kùn, Olúkúlùkù Gbọ́ Tirẹ̀

Àlọ́ o!
— Àlọ̀ọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé ẹni tó ń tòògbé. Ó bà lé Ehoro elétí gígùn.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan ni iná jó ilé Ehoro. Èéfín dí i lẹ́nu, kò lè ké. Ó kàn ń kùn ni, ẹnikẹ́ni ò sì dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti rójú sùn. Ó ní àfi kí òun wá ẹni tí etí rẹ̀ ṣí, tí yóò lè gba òun là lọ́jọ́ mìíràn. Ló bá sá pamọ́ sẹ́yìn òkìtì ọ̀gán, ó pa ètè dé, ó ń kùn "iná". Ohùn nìkan ló ń jáde. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló gbọ́ mi o?
— M̄m̄-ḿḿ!
Kí lẹ gbọ́ o?
— M̄m̄-ḿḿ!

Ewúrẹ́ ní, "Igbá! Wọ́n ti gbé igbá èèpo iṣu jáde!" Ó sáré lọ.

Ajá ní, "Ajá! Èmi ni wọ́n ń pè!" Ó ń jùrù bọ̀.

Ìgbín ní, "Mo gbọ́ ohùn, n ò gbọ́ ọ̀rọ̀. La ẹnu rẹ sọ ọ́."

Inú bí Ehoro. "Adití ni gbogbo yín!"

"Ó dáa," Ìgbín ní, "èmi náà á kùn, kí ìwọ gbọ́." Ó kùn ún: m̄m̄-ḿḿ.

"Iná!" Ehoro ti wọgbó lọ.

Ìgbín ń pè é, "Ilé ni mo wí o! Ilé ẹ̀yìn mi!" Kò gbọ́. Ó ń sá títí dòní.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dákẹ́, mo fẹ́ kùn tèmi. M̄m̄-ḿḿ.

Àyọ̀ká, jókòó! Ta ló sọ pé iná?